Kí Wọ́n Tó Fọ́ọ́màtì Laptop Yín

Bí laptop akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí a gbé e lọ bá: "Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ́màtì ẹ̀." Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tí laptop mẹ́wàá wà níwájú ẹ̀, tó sì fẹ́ ṣe gbogbo wọn tán kí iná tó lọ, fọ́ọ́màtì ló yá jù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka wa, àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ mọ ohun tó máa ń wà nínú laptop ẹni tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá-èdè. Bí fíìmù bá sọnù, a ó tún un gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún bá sọnù, ta la fẹ́ lọ bá?

Iṣẹ́ àṣekágbá tèmi dá lórí bí ìró ṣ àti s ṣe ń rìn lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìrẹsà-Apá àti Ìrẹsà-Adú, ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrẹsà-Adú ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Súrùlérè ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Súrùlérè tó rò pé Èkó ni mò ń sọ, kó má lọ wá mi síbẹ̀ o. Ohùn wákàtí mẹ́rìnlá ni mo gbà sílẹ̀. Mo gbà á ní WAV, ní ìwọ̀n 44,100 Hz, nítorí pé òkè 4,000 Hz ni ọ̀pọ̀ agbára ìró s máa ń wà, fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ sì lè ti gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ tó ṣí i. Ní bíìtì 16 àti ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi megabyte 317. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀ ti papò dà báyìí. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú tó bá mi sọ, inú laptop mi ló wà.

Nítorí náà, bí laptop yẹn bá yarí, mi ò lè gba "ẹ jẹ́ ká fọ́ọ́màtì ẹ̀". Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Èrò mi ni pé a ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, wọn ò kàn sọ fún wa pé ó wúlò fún kọ̀ǹpútà ni.

Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Linux fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ti bọ́ sórí rẹ̀, kì í sì ṣe torí fàájì. Laptop tọ̀kúnbọ̀ tí a rà kò kún ojú ìwọ̀n Windows 11, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Ubuntu, Linux Mint àti Debian kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, Praat àti ELAN tí a fi ń ṣiṣẹ́ sì ń rìn lórí wọn geere. Unix ni àgbà ilé yìí: Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ní 1969. Linux kì í ṣe ọmọ bíbí inú Unix, ó kàn jọ ọ́ bí ọmọ ṣe máa ń jọ ẹni tí kò bí i. Linus Torvalds ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà yẹn, mo fi ọdún kan jù ú lọ lónìí. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí èmi ti gbé jáde.

Ubuntu ní tirẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀. Ẹ fi ojú mọfọ́lọ́jì wo orúkọ yẹn. Ní èdè Zulu, umuntu ni ènìyàn kan, abantu ni àwọn ènìyàn, ubuntu sì ni jíjẹ́ ènìyàn gan-an. Ìpìlẹ̀ kan náà ni, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló ń yí padà, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ ẹbí èdè Bantu ti wá. Kò sí ẹ̀ka mìíràn nínú ọgbà tó yẹ kí orúkọ yìí dùn mọ́ tó tiwa.

Gbólóhùn ni, kì í ṣe èébú

Ọ̀rọ̀ tí Linux máa ń kọ jáde nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ó gùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le, orí ilẹ̀ dúdú ló sì máa ń hàn. Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á, a kàn ń pa á dé ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ni, ó sì ní ìhun. Ẹ wo eléyìí:

cp: cannot create regular file '/media/usb/Iresa01.wav': Read-only file system

Ohun tó wà ṣáájú kólónì àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Cp ni, àṣẹ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì. Ohun tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àti ohun tó fẹ́ ṣe é sí. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ẹjọ́ tó ń rò. Ẹ óò rí ìhun yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣẹ inú Unix, bí ẹ bá sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ óò mọ̀ pé ìparí gbólóhùn ni ká kọ́kọ́ kà. Níbí, ẹjọ́ náà ni pé kíkà nìkan ni wọ́n gbà láàyè lórí fláàṣì yẹn, kò sí kíkọ. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn cp, kò sí lọ́rùn fáìlì ohùn, kò sì sí lọ́rùn laptop. Ẹni tó bá fọ́ọ́màtì laptop nítorí gbólóhùn yìí ti na ẹni tí kò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ káàdì SD inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí tó ń tì, ó lè jẹ́ pé ó ti sún sísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fláàṣì tí wọ́n yọ lójijì níbòmíràn, Linux lè ti rí àbùkù lára rẹ̀, kó sì ti ìkọ̀wé pa kí ọ̀rọ̀ má bàa burú sí i.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. "Permission denied" túmọ̀ sí pé ẹ kò ní àṣẹ lórí fáìlì yẹn. "Command not found" ni pé ẹ̀rọ kò mọ orúkọ tí ẹ pè, bóyá ẹ ṣì í kọ, bóyá ẹ kò tíì fi ètò náà sí i. "No space left on device" ni pé ààyè ti kún, ẹ tẹ `df -h` kí ẹ rí ibi tó kún. "Input/output error" ni èyí tó ń já mi láyà, mo máa padà sí i. "No such file or directory" dà bí ẹni pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n lẹ́nu Yorùbá ó ní ìtàn tirẹ̀, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí jù.

Bí ọ̀rọ̀ ojú iná kò bá tó, ẹ̀rọ ní ìwé àkọsílẹ̀. `sudo dmesg` ń fi ohun tí ọkàn ẹ̀rọ ń sọ hàn láti ìgbà tí ẹ ti tàn án. `journalctl -b -1` ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tó kẹ́yìn hàn, ìyẹn ìgbà tó kú kí ẹ tó tún un tàn. Ẹ̀rí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lèyí.

Yí ohun kan padà, ẹyọ kan

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Olùkọ́ wa kò bá má lè fi mẹ́ta yìí hàn wá pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà bí ó bá jẹ́ pé kọ́ńsónáǹtì náà ń yí pẹ̀lú ohùn. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní minimal pair nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀nà àtimọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà, tó ṣe àtúnṣe gbogbo ètò, tó tún ẹ̀rọ tàn, tó sì fọ fláàṣì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, kò mọ èyí tó wò ó sàn. Lọ́la ó tún máa bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹ jẹ́ ká fi máíkì ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìrẹsà-Adú, máíkì USB tí mo mú lọ kò gbóhùn rárá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ìyá méjì sì ti jókòó, wọ́n ti wọ ìró tuntun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ẹ̀rọ tiẹ̀ rí i? `lsusb` ń ka gbogbo ohun tó wà lára ihò USB. Bí máíkì kò bá sí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ wáyà, ihò tàbí máíkì fúnra rẹ̀ ni, ẹ má tíì fọwọ́ kan ètò kankan. Ẹ fi máíkì kan náà sí ihò mìíràn. Bí kò bá sí síbẹ̀, ẹ fi wáyà mìíràn sí ihò kan náà. Bí `lsusb` bá rí i, ẹ bi `arecord -l`, tó ń ka àwọn ẹ̀rọ tó lè gba ohùn. Bí ti àkọ́kọ́ bá rí i tí èkejì kò rí i, awakọ̀ rẹ̀ ló ní ìṣòro, ìyẹn ètò tó ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá rí i, tí kò sì gbóhùn, ẹ ṣí `alsamixer`, ẹ fi F6 yan máíkì náà, ẹ tẹ F4 kí ẹ rí apá ìgbohùn, ẹ wò ó bóyá ó wà nílẹ̀ pátápátá tàbí wọ́n ti pa á. Tèmi, apá ìgbohùn rẹ̀ ló wà ní òdo. Mo fi ọfà gbé e sókè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn ìyá náà kò tiẹ̀ tíì parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa iye owó ẹ̀lùbọ́.

Fún máíkì elénu tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣe USB, ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ laptop ìgbà yìí ní ihò kan ṣoṣo fún gbígbọ́ àti sísọ pa pọ̀, ẹnu olórùka mẹ́ta ló sì ń fẹ́. Bí tiyín bá jẹ́ olórùka méjì, ó lè má ṣiṣẹ́ láìsí ohun tí a fi ń so wọ́n pọ̀. Kò sí àṣẹ kankan tí ẹ máa tẹ̀ tó máa yí ìyẹn padà.

Iná lọ, ẹ̀rọ kú

Bátìrì laptop tọ̀kúnbọ̀ kì í pẹ́ kú, tó bá sì ti kú, wáyà ló ń gbé ẹ̀mí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ṣì ń pe iná ní NEPA ní ọ̀dọ̀ tí mo dé sí, bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn ti di ti àtijọ́. Iná kò kúkú mọ orúkọ ara rẹ̀, ó kàn máa ń lọ ni. Bí ó bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́, ohun tó ń kọ á wà ní ìlàjì.

Àwọn tó ṣe ext4, ètò fáìlì tí Ubuntu ń lò, ti rò ó ṣáájú. Ó ń ṣe bíi ìyá aláṣọ tó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kó tó gbé ọjà jáde: "Mo fẹ́ gbé ìpele méjì fún Ìyá Ṣadé." Bí òjò bá tú ọjà ká, ìwé náà ló máa kà láti mọ ibi tí nǹkan dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ á ka ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kò tiẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ojú iná á dúdú, ẹ óò sì rí èyí:

/dev/sda2: UNEXPECTED INCONSISTENCY; RUN fsck MANUALLY.

Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà initramfs á jókòó, á máa retí yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pariwo pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ pàṣẹ fún òun láti yẹ ìwé wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ `dmesg`, kí ẹ wò ó bóyá "I/O error" wà nínú ohun tó kọ. Bí ó bá wà, ẹ dúró, ẹ ka apá ìkẹyìn àkọsílẹ̀ yìí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí kò bá sí, ẹ tẹ `fsck /dev/sda2`, tàbí orúkọ yòówù tí ẹ̀rọ tiyín bá kọ. Á máa bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn y. Bí ó bá tán, ẹ tẹ `exit`. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà méjì ní Ìrẹsà-Apá, kò sì sí fáìlì ohùn kan tó sọnù.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tún ń fa ọ̀ràn mìíràn tó jọ pé kò kàn án. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, ó rí bí owó ẹyọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka aago nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ̀rọ á jí sí ọdún tó ti kọjá lọ. Ẹ óò wá so íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ojúlé wẹ́ẹ̀bù á kọ̀, wọ́n á ní kò sí ààbò. Ẹ óò ní kí `apt` ṣe àtúnṣe, á ní "Release file is not valid yet". Ẹ̀yin á máa bínú sí ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kà: "not valid yet", kò tíì tó àkókò. Ìwé ẹ̀rí tí àwọn ojúlé náà ń lò ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, lójú ẹ̀rọ yín, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò tíì dé. Ẹ tẹ `date`. Bí ọdún bá ti yàtọ̀, ẹ fi ọjọ́ àti aago tó tọ́ sí i báyìí:

sudo date -s "2026-02-14 10:30"

Lẹ́yìn náà, ẹ ra bátìrì tuntun. CR2032 ni orúkọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Fún àwa tó ń ṣe ìwádìí, ọ̀rọ̀ aago yìí ju ti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gbà ni ó ń lẹ̀ mọ́ fáìlì ohùn. Ẹ ò fẹ́ kí olùdánwò ti ìta bi yín léèrè bí ẹ ṣe gba ohùn bàbá kan sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ kan, ara méjì

Mo ti dé ibi tó dùn mọ́ mi jù, torí pé ẹ̀ka wa gan-an ló ni ín. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó bá mi ṣiṣẹ́ ń lo Mac. Ó di fáìlì kan sínú zip, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ fáìlì náà ni Ìrẹsà.wav. Mo tú u sílẹ̀, mo tẹ `ls`, mo rí i kedere. Mo fi kíbọ́ọ̀dù mi kọ orúkọ náà fún `cp`, ẹ̀rọ sì dáhùn:

cp: cannot stat 'Ìrẹsà.wav': No such file or directory

Fáìlì tí mo ń wò lójú kòròkòrò! Mo tẹ `ls | hexdump -C`, tó ń fi nọ́ḿbà tó wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan hàn, àṣírí sì tú. Ìrẹsà tí èmi kọ jẹ́ báìtì mẹ́sàn-án. Ìrẹsà tó ti Mac wá jẹ́ mọ́kànlá.

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Nínú Unicode, ìwé tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ḿbà, à ní nọ́ḿbà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n a tún lè kọ a, ká wá kọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ọ̀tọ̀, wọ́n á sì gun ara wọn lójú iná. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ètò fáìlì àtijọ́ Mac, HFS+, máa ń tú lẹ́tà palẹ̀ báyìí, àṣà náà sì wà nínú zip tí Mac ń dì di òní. Linux kì í tú nǹkan kan palẹ̀, kì í sì í so nǹkan kan pọ̀. Báìtì ló ń wò. Bí báìtì bá yàtọ̀, fáìlì ọ̀tọ̀ ni, bí Iresa.wav àti iresa.wav ṣe jẹ́ fáìlì méjì lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa wá le ju ti Faransé lọ. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn. É àti è ní. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. Ó di dandan ká so nǹkan pọ̀, ọ̀nà àtiso ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹlòmíràn á mú ẹ, á fi àmì ohùn lé e: báìtì márùn-ún. Ẹlòmíràn á mú é, á fi àmì abẹ́ lẹ́tà sí i: báìtì mẹ́rin. Ẹ̀kẹta á mú e lásán, á fi méjèèjì kún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lórí ìwé. Unicode gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ `grep` tó ń wá ọ̀rọ̀ fún yín kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbí ni pé ẹ̀rọ kì í tiẹ̀ yarí. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ láti inú ohùn, tí ènìyàn mẹ́ta sì pín iṣẹ́ náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tí ẹ wá ní kí `grep` ka iye ìgbà tí ọ́ jẹyọ, á fún yín ní iye kan. Iye náà á kéré sí òótọ́, kò sì ní sí gbólóhùn kankan tó máa kìlọ̀. Ẹ óò fi ṣe táábìlì, ẹ óò fi gbèjà iṣẹ́ yín níwájú àwọn olùkọ́. Mo rò pé irú iye bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá tó ju ọ̀kan lọ lórí pẹpẹ ìwé ẹ̀ka wa, láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Ẹ sọ gbogbo ìwé di oríṣi kan kí ẹ tó ka ohunkóhun nínú rẹ̀:

uconv -x any-nfc iresa.txt > iresa-nfc.txt

Fún orúkọ fáìlì, `convmv` ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `convmv -f utf-8 -t utf-8 --nfc -r .`, á fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín láìṣe é. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi `--notest` kún un. Oríṣi kan wà tí èyí kò lè wò: àwọn ìwé tí wọ́n fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ lẹ́tà dípò tótó. Lójú Unicode, àmì mìíràn pátápátá nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó lo `uconv`:

LC_ALL=C sed -i 's/\xcc\xa9/\xcc\xa3/g' iresa.txt

Ní ti kíkọ, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Keyboard, kí ẹ fi Yoruba kún àwọn èdè ìkọ̀wé. Ó ti wà níbẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà, kò gba dátà. Bí ẹ bá fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ Compose, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ àmì ìyanu, ẹ tẹ e, ẹ óò rí ẹ. Bí àpótí kékeré bá dúró níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, tàbí tí àmì ohùn bá fò lọ sórí lẹ́tà kejì, fọ́ǹtì ló ní ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ yín kò bàjẹ́. `fc-list :lang=yo` máa ka àwọn fọ́ǹtì inú ẹ̀rọ yín tó mọ lẹ́tà Yorùbá. Charis SIL ni mo fi kọ iṣẹ́ tèmi, kò tíì já mi kulẹ̀.

Bí Wi-Fi bá kọ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ tẹ `rfkill list`. Bí ó bá ní "Hard blocked: yes", bọ́tìnì kan wà lára laptop tó ti pa á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, `lspci -k` á sọ orúkọ ohun èlò Wi-Fi àti awakọ̀ tó ń lò. Bí ìlà "Kernel driver in use" kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, kò ní awakọ̀, ohun tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí laptop àtijọ́ tó ní Broadcom nìyẹn. Ẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti gba awakọ̀, ẹ sì nílò awakọ̀ láti gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi wáyà USB so fóònù Android mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù. Linux á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí dísìkì bá ń kú

Mo ní mo máa padà sí "Input/output error". Lórí fláàṣì, ó lè jẹ́ ẹnu rẹ̀ ló dọ̀tí tàbí ihò ló yẹ̀. Lórí dísìkì inú laptop, ẹ mú un ní òkúnkúndùn. Ẹ tẹ `sudo smartctl -a /dev/sda`, ẹ wá ìlà "Current_Pending_Sector" àti "Reallocated_Sector_Ct" lórí dísìkì tó ń yí. Bí nọ́ḿbà ìparí wọn bá ju òdo lọ, tó sì ń pọ̀ sí i, dísìkì náà ń darúgbó, kò sì ní padà di ọ̀dọ́.

Ní irú àkókò yìí, ẹ má ṣe tẹ `fsck`, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ́màtì. Àwọn méjèèjì ń kọ nǹkan sórí ara tó ń ṣàìsàn. Ẹ fi fláàṣì Ubuntu tan ẹ̀rọ, kí dísìkì tó ń kú lè sinmi, ẹ so dísìkì ìta tó tóbi jù ú lọ mọ́ ọn, kí ẹ wá gba àwòrán rẹ̀ lódindi:

sudo ddrescue -d /dev/sda /media/usb/aworan.img /media/usb/aworan.map

`ddrescue` á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn láti kà, á wá padà sí ibi tó le. Bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, fáìlì map náà á sọ ibi tó dé fún un. Dísìkì ìta náà kò gbọdọ̀ jẹ́ FAT32, torí pé fáìlì kan kò lè tó gigabyte mẹ́rin lórí rẹ̀, "File too large" ni á máa pariwo. Ext4 ló dára jù. Lẹ́yìn èyí, orí àwòrán yẹn ni kí ẹ ti máa ṣe àtúnṣe, kì í ṣe orí dísìkì fúnra rẹ̀. Bí ètò fáìlì bá ti túká kọjá àtúnṣe, `photorec` lè wá àwọn WAV jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ wọn á ti sọnù. Ẹ máa sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlú àti ọjọ́ sínú máíkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbohùnsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ohùn lè dá ara rẹ̀ mọ̀.

Bí ẹ bá wá ń kó fáìlì lọ síbòmíràn, ẹ wọ inú fódà ohùn yín, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ `sha256sum *.wav > ami.txt`. Ẹ kó ami.txt náà pẹ̀lú wọn. Níbi tí ẹ kó wọn dé, ẹ tẹ `sha256sum -c ami.txt`. Èyí tó bá kọ OK ti dé pérépéré. Èyí tó bá kọ FAILED, ẹ tún òun nìkan kó.